Ọkọ̀ Pupa Tí Bàámi Fi Tapólì Bò

Ọkùnrin tó wá ya fọ́tò ọkọ̀ bàámi ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkọ̀ náà, ó fọwọ́ pa ibi tó tẹ̀ wọnú lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó fọ́, ó ní, "Màdáámù, kí ló kọlù ú níbí?"

Kí n tó rí nǹkan sọ, màámi ti dáhùn láti ojú fèrèsé. "Bó ṣe ti wọ́ọ̀fù dé nìyẹn. Àwọn tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá wọn ló sọ fún mi."

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo wọlé bí ẹni tó fẹ́ lọ bu omi, mo dúró ní kíṣìnì títí ọkùnrin náà fi lọ. Irọ́ ni bàámi pa fún màámi. Èmi nìkan ló mọ̀, nítorí èmi nìkan ló wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ eléré-ìje kékeré ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì, òrùlé aṣọ dúdú tó ṣeé ká sẹ́yìn, ara pupa bí ata tó pọ́n. Ó sún mọ́lẹ̀ débi pé tí o bá jókòó sínú rẹ̀, wàá rò pé o lè na ọwọ́ kan ọ̀dà ojú títì. Bàámi rà á nígbà tí wọ́n ń kàwé lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan. Ìgbà tí wọ́n di olùkọ́ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Ọ̀jọ́, tí a sì rí ilé gbà ní ẹ̀sítéètì Ìbà, ni wọ́n tó ránṣẹ́ pé kí wọ́n dì í sọ́kọ̀ ojú omi. Èkìtì ni bàámi, ẹni tó ń fi bébà tí wọ́n ti kọ̀wé sí lójú kan tún kọ̀wé sí ojú kejì. Ọkọ̀ yẹn nìkan ni afẹ́ tí mo rí wọn ṣe.

Sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú Òyìnbó. Tiwa níbí, apá òsì ni. Nítorí náà, tí bàámi bá gbé mi, èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo máa ń jókòó síbi tí dírẹ́bà ń jókòó sí nínú ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì. Ó máa ń dùn mọ́ mi. Mo máa ń na ọrùn bí ọ̀gá.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n gbé e jáde ni. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, aṣọ funfun tí mo wọ̀ lọ ṣì wà lọ́rùn mi. Màámi wà nílé pẹ̀lú àbúrò mi tó ṣì ń mu ọmú. Bàámi ní kí á lọ na ọkọ̀ náà díẹ̀ lọ́nà Badagry. Òjò ń ṣe wínníwínní, òrùlé aṣọ wà lórí wa, títì dá. Nígbà tí a kọjá Igbó-Elérin, tí a ń wọ Okokomaiko, bàámi tẹ iná mọ́ ọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Gbọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn," wọ́n ní. "Gbọ́ ohùn rẹ̀!"

Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí ibi tó pín títì sí méjì, lápá ọ̀dọ̀ mi, ó ru pákó sórí. Bóyá pákó ló dí i lójú, bóyá òjò ni. Ó yíjú sí wa. Mo rí ojú rẹ̀ kedere. Ẹnu rẹ̀ là, ojú rẹ̀ sì wà lára mi, kì í ṣe lára bàámi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan, gbì, bí ìgbà tí àpò gààrì bá já bọ́ láti orí ọkọ̀.

Bàámi tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà yọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Wọ́n wo díńgí. "Àwọn èèyàn ń sáré bọ̀," wọ́n ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Wọ́n á dáná sun wá." Ni wọ́n bá tún tẹ iná. "Má wẹ̀yìn. Mo ní o ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn!"

Mi ò wẹ̀yìn. A lọ títí a fi sún mọ́ Àgbárá, a dúró sábẹ́ igi kan títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́, lẹ́yìn náà a gba apá kejì títì padà sílé. Bàámi ti ọkọ̀ náà wọ abẹ́ páànù tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi tapólì dúdú bò ó, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ yí po. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ síwájú mi títí ojú wọn fi ṣe déédéé tèmi. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí, èmi àti ìwọ àti Ọlọ́run ni."

Wọn ò wa ọkọ̀ náà mọ́ láéláé. Wọ́n sọ fún màámi, tí ọmọ ọwọ́ ò tíì jẹ́ kí wọ́n wo ọkọ̀ náà dáadáa, pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì.

Bí mo ṣe dàgbà nínú ẹ̀rù nìyẹn. Mo gbà pé a ti pa èèyàn. Tí ẹnikẹ́ni bá kan géètì wa gbàgbàgbà, màá sá wọ yàrá, nítorí mo gbà pé ọlọ́pàá ni. Ní ilé-ìwé girama, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ń gbé ní Okokomaiko, ọdún mẹ́fà ni mo fi wá àwáwí tí mi ò fi lọ sílé wọn rí. Bàámi náà, tí wọ́n bá ń lọ síbikíbi, ọ̀nà Ìgàndó ni wọ́n máa ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìn jù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nígbà tí mo ti parí yunifásítì. À ń jẹun nígbà náà. Wọ́n gbé ṣíbí dúró, wọ́n ní, "Ṣé o ṣì ń rántí?" Mo ní, "Kí ni, sà?" Wọ́n mi orí, wọ́n ń bá oúnjẹ wọn lọ. Mo rò pé oore ni mo ṣe wọ́n. Títí wọ́n fi kú, a ò tún sọ ọ́ mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n kú ni àbúrò mi, tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè wá. Ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di ohun àwárí níbẹ̀, pé àwọn kan máa ń wá wọn káàkiri ayé, wọ́n á kó wọn padà sílé, wọ́n á tà wọ́n ní gbàǹjo. Ó mọ àwọn tó ń ṣe gbàǹjo náà, ó sì mọ ọkùnrin kan ní Ọ̀jọ́ tó ń kó ọkọ̀ gba ojú omi. Màámi ní, "Kó máa lọ sílé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe àlejò wa." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ó dáa. Àwọn tó ń ṣe gbàǹjo ló rán ọkùnrin tó wá ya fọ́tò náà.

Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e, gbogbo ẹ̀sítéètì ló tú jáde. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n fà á jáde lábẹ́ páànù, eruku ogójì ọdún lára rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fídíò, wọ́n ń pariwo. Mo fẹ́ ní kí wọ́n má yà á, ṣùgbọ́n kí ni mo máa sọ pé ó fà á? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ti fi fídíò náà hàn mí lórí fóònù rẹ̀, láìmọ̀ pé ilé wa ni. "Ẹ wo mọ́tò ayé àtijọ́ tó jáde ní Ìbà!" Mo rẹ́rìn-ín. Mo sáré yí ọ̀rọ̀ padà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkùnrin kan fi kan géètì. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, eruku pákó wà lára ṣòkòtò rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò ká dáadáa. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màdáámù, mo rí ọkọ̀ kan lórí fóònù ọmọ mi. Wọ́n ní ibí ni wọ́n ti gbé e."

"Wọ́n ti gbé e lọ," mo ní.

"Mo mọ̀. Ta ló ni ín?"

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, sà." Mo ti géètì mọ́ ọn lójú. Mo gbọ́ bó ṣe ń lọ, ẹsẹ̀ kan ń tẹlẹ̀, ìkejì ń wọ́.

Mo pe àbúrò mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un fúngbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Aǹtí mi, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ ojú omi yóò fi gbéra. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n lè dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n lè gbé yín." Ó rò pé òun ń gbà mí nímọ̀ràn, àfi bí ìgbà tó da epo sí iná. Ẹbí òkú ló wá, èyí ni mo ń rò. Ó ti wá wo ilé, ó máa kó èèyàn bọ̀. Mo ra àgádágodo tuntun sí géètì. Mo ní kí màámi má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.

Màámi ò gbọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ọkùnrin náà nínú páálọ̀ wa, lórí àga bàámi, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. Màámi jókòó sí ọ̀kánkán, inú wọn ń dùn pé wọ́n rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá yìí ní àwọn fẹ́ béèrè nǹkan nípa ọkọ̀ bàbá yín," wọ́n ní. "Mo ní kí wọ́n dúró dè ọ́."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ronú pé kí n sá. Ibo ni mo fẹ́ sá sí, tí màámi wà níwájú rẹ̀?

Ọkùnrin náà gbé ife kalẹ̀. "Ìbéèrè kan ni. Tí mo bá ti bi yín, màá lọ. Ṣé ẹnìkan wà nínú ilé yìí nígbà kan rí, ọmọbìnrin kékeré, tó wọ aṣọ funfun, tó máa ń wa ọkọ̀ yẹn?"

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ kékeré ń wa ọkọ̀ kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, Mà." Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Okokomaiko nígbà náà, ó ku oṣù díẹ̀ kí òun gba òmìnira. Ọ̀gá òun rán òun nípákó lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ohun pupa kan gbá òun. Nígbà tí òun lajú ní ọsibítù, tí wọ́n bi òun pé ta ni, òun sọ ohun tí òun rí: ọmọbìnrin kan tó wọ funfun ló jókòó síbi tí dírẹ́bà ń jókòó sí, kò sí sítíárìn níwájú rẹ̀, ó sì fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Àwọn tó sáré wá gbé mi, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n ní nǹkan kékeré kan ni, pupa bí iná, ó kúrò lójú wọn fẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ládùúgbò. Ìyá mi gbé mi lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Wòlíì ní ẹgbẹ́ mi láti ọ̀run ló wá mú mi. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi ń sùn sórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá mi ò gbà mí padà, ó ní kí n má mú ẹ̀mí wọ ṣọ́ọ̀bù òun. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, àwọn èèyàn rẹ̀ ní àwọn ò lè fi ọmọ fún ẹni tí ẹ̀mí ń tẹ̀ lé. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi gbà pé orí mi ló dàrú. Àfi bí mo ṣe rí fídíò yìí."

Kò tíì kú. Òkú tí mo ti ń sá fún ló jókòó síwájú mi yìí, tó ń mumi. Ẹ bá mi wò ó, inú mi ì bá dùn. Inú mi ò dùn. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti gbogbo ọdún tó ti kọjá lọ, torí òkú kò lè bi èèyàn ní ìbéèrè.

"Èmi ni," mo ní.

Màámi yíjú sí mi.

"Bàámi ló ń wà á. Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Apá òsì ni mo jókòó sí. Èmi lẹ rí."

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ mi. Màámi dìde, wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ku èmi àti ẹ̀.

"Ẹ rí mi?" ó ní.

"Mo rí yín."

"Ẹ rí mi, ẹ sì lọ."

"A lọ, sà." Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ń retí kó gbá mi létí. Mo tilẹ̀ ti di ojú.

Ohun tí mo gbọ́ ni pé, "Ìyá mi ṣì wà láyé. Ẹ máa wá sọ ọ́ létí wọn. Níbi tí ọkọ̀ náà wà."

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà."

"Èmi náà, ẹ̀rù ti ń bà mí láti ìgbà yẹn," ó ní. Kò jágbe. Ó mú fìlà rẹ̀, ó dá ọjọ́ Sátidé.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wọ ọkọ̀. Ọgbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ wa sí wà ní Ọ̀jọ́, kò jìn sí títì, ọkọ̀ àlòkù kún ibẹ̀ ní ìlà-ìlà. Mo rò pé màá bá gbogbo ìdílé wọn níbẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ni mo bá. Ìyá náà ti gbó, ó kéré, ó di ọ̀pá mú, ó wọ aṣọ ìjọ wọn, funfun báláú. Wọ́n ti fọ ọkọ̀ náà. Ó ń dán nínú oòrùn, àfi ibi tó tẹ̀ yẹn. Àwọn tó ń ṣe gbàǹjo ní kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe, wọ́n fẹ́ ẹ bó ṣe wà.

"Ẹ jókòó síbi tí ẹ jókòó sí lọ́jọ́ náà," ọkùnrin náà sọ fún mi.

Mo ṣílẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì jókòó síbẹ̀. Awọ àga ti ya, òórùn inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti epo àti ti ìwé bàámi. Mo jókòó. Ó wá rìn lọ síwájú ọkọ̀, lápá òsì, ó dúró, ó yíjú sí mi. Ojú kan náà ni. Ó ti wú, ó ti hu irùngbọ̀n funfun, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni, ó sì ń wò mí bó ṣe wò mí nígbà yẹn. Ó fọwọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ìyá mi," ó ní, "ẹ wá wò ó. Ẹ wò ó dáadáa. Sítíárìn ò sí níwájú wọn."

Ìyá náà rìn wá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wo inú ọkọ̀, wọ́n wò mí, wọ́n wo sítíárìn lápá kejì. Wọ́n na ọwọ́ wọlé gba ojú fèrèsé, wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n.

"Èèyàn ni," wọ́n ní. "Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "O sọ fún mi. O sọ fún mi títí, mo ní kí o gba ààwẹ̀." Wọ́n jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀, wọ́n sunkún. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n pè mí jáde. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí bàbá rẹ ò dúró?"

"Wọ́n ní wọ́n á dáná sun wá, Mà."

"Wọn ì bá dáná sun yín lóòótọ́," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ó yẹ kó padà wá. Lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀nà kò jìn."

Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà bóyá ó máa gbà kí èmi àti àbúrò mi ṣe nǹkan fún un nínú ohun tí wọ́n bá ta ọkọ̀ náà. Mo rò pé ó máa kọ̀, bí àwọn ẹni rere ṣe máa ń ṣe nínú ìtàn. Ó ní, "Màá gbà á. Orúnkún mi ń dùn mí." Ohun tí a fún un kò sì tó, èmi mọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni màámi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú mi, wọ́n ń kúrò. Ní ọjọ́ karùn-ún wọ́n wá jókòó sétí ibùsùn mi. "Ẹ̀gbẹ́ mi ni bàbá yín ń sùn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn," wọ́n ní. "Wọ́n máa ń ta jí lójú oorun. Mo rò pé ibà ni." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Wọn ì bá gbé ẹrù náà lé èmi lọ́wọ́."

Ìgbà òjò ni ọkọ̀ náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ gbàǹjo, àbúrò mi wà nínú gbọ̀ngàn náà, ó fi fóònù rẹ̀ hàn wá. Èmi, màámi, àti ọkùnrin náà la jókòó nínú páálọ̀ wa lọ́sàn-án. Mo rí ọkọ̀ bàámi lórí kápẹ́ẹ̀tì, iná ń tàn sí i lára, àwọn Òyìnbó arúgbó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta gbàǹjo sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí ajá ń lé. Ó sọ pé ilẹ̀ Nàìjíríà ni ọkọ̀ náà ti ń bọ̀, pé olùkọ́ yunifásítì kan ló fi pamọ́, pé ó tẹ̀ díẹ̀ níwájú níbi tí wọ́n ti ń já a lẹ́rù nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó gbá òòlù kékeré rẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó parí.

"Kí ló sọ nípa ibi tó tẹ̀ yẹn?" ọkùnrin náà bi mí. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn.

Mo wo màámi. Wọ́n wo ilẹ̀. Mo lè sọ pé kò sọ nǹkan kan.

"Ó ní wọ́ọ̀fù ni wọ́n ti ṣe é," mo ní.

Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ kọ̀wé sí wọn," ó ní. "Ẹ sọ fún ẹni tó rà á."

Mo kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú ewé kan ṣoṣo. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Okokomaiko, mo kọ orúkọ mi sí i, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe gbàǹjo náà pé kí wọ́n fún ẹni tó rà á, kí n tó lè yí ọkàn padà. Oṣù méjì ti kọjá. Wọn ò tíì fèsì, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n máa sọ nígbà tí wọ́n bá fèsì.